Bí Èmi àti Ìyá Ìyàwó Mi Ṣe Gbé Iná Lọ sí Ìlú Abẹ́ Àpáta

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó bá ní àpótí kó fi jókòó, ẹni tí kò bá ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń dúró gbọ́. Bí ẹ bá dé ibi tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá dé ibi tó pa yín lẹ́kún, ẹ sunkún. Èmi ní tèmi, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín, n kò sì sunkún, nítorí náà n kò lè júwe ibẹ̀ fún yín.

Èmi ni Ọdẹ́tẹ̀dó ọmọ Àjàmú, ọdẹ Òkè-Ìgbágbè. Ẹfọ̀n méje ni mo ti pa. Mo ti fi ọta kan ṣoṣo pa àmọ̀tẹ́kùn pẹ̀lú ẹtu tó gbé sẹ́nu. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo awọ wọn lára ògiri ilé mi, kó tó padà wá tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí n tó di ọdẹ, iṣẹ́ rewáyà ni mo kọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lábẹ́ ọ̀gá kan ní Ṣàgámù, tí à ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kí bàbá mi tó ránṣẹ́ pè mí pé ìbọn ti ń wúwo lọ́wọ́ òun. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú kan bọ̀. Òun nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní ìlú wa nígbà náà.

Mo fẹ́ Ìbídùn, ọmọ Ìyá Abọ́sẹ̀dé agbẹ̀bí. Ní ọjọ́ tí ìrọbí mú Ìbídùn, ìyá rẹ̀ wà ní abà kan lókèèrè, ó ń gbẹ̀bí ẹlòmíràn. Mo gbé ọkọ̀ láti lọ pè é. Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ létí odò. Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ yóò fi padà dé, àwọn obìnrin ilé ti fi aṣọ kan náà bo òun àti ọmọ.

N kò sunkún. Àwọn ènìyàn ní ọkàn ọdẹ ni mo ní. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí apá ènìyàn ti í rí nígbà tó bá sùn lé e lórí tó pẹ́? Apá náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kàn án, bí apá ẹlòmíràn ni. Gbogbo ara mi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ń ríran, ẹkún ni n kò rí sun. Mo fi bátìrì tuntun sínú ọkọ̀ náà, mo wà á délé, ó kú. Mo tún fi òmíràn sí i, ìyẹn náà kú. N kò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Mo tì í sẹ́yìn ilé, ewéko sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Ní oṣù kọkànlá lẹ́yìn ìsìnkú, ní ọ̀sán gangan, Ìyá Abọ́sẹ̀dé wọ àgbàlá mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìbídùn, kò tẹ ilé mi, n kò sì tẹ ilé rẹ̀. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ funfun bí olú tó hù lábẹ́ igi, ó fi aṣọ bo ojú méjèèjì nítorí oòrùn.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé kò jókòó. Ó ní, “Ọdẹ́tẹ̀dó.”

Mo ní, “Màmá, ẹ kú àbọ̀.”

“Ọkùnrin yìí ń jẹ́ Àpátágbèmí. Ìlú Abẹ́ Àpáta ló ti wá. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ síhà ibi tó ti gbọ́ ohùn mi. Ó ní abẹ́ àpáta ńlá kan ni ìlú àwọn wà, oòrùn kò wọ ibẹ̀ rí, iná igi pàápàá kì í jó níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọwọ́ ni àwọn fi ń mọ gbogbo nǹkan. Ó ní Mọ́ládùn ìyàwó òun ti gbé oyún fún ọdún mẹ́ta, pé ìrọbí ti wá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé apá síwájú. Agbẹ̀bí àwọn fọwọ́ wá ọ̀nà títí, ó ní ọmọ yìí kọjá ohun tí ọwọ́ nìkan lè yí, àfi ẹni tó bá fi ojú rí i. Òun wá jáde láti wá agbẹ̀bí tó ní ojú, àti iná tí afẹ́fẹ́ abẹ́ àpáta kò lè pa.

Mo ní, “Ẹsẹ̀ Màmá kò lè rin ọ̀nà bẹ́ẹ̀.”

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní, “Mo mọ̀. Ọkọ̀ rẹ dà?”

“Ó wà lẹ́yìn ilé. Ó ti kú.”

“Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ìwọ kọ́ ni rewáyà ni?”

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Gbé e. Ibi tó bá kú sí, ibẹ̀ ni wàá ti tún un ṣe. Mi ò ní jókòó sílé kí ọmọ ọlọ́mọ máa kú.”

Mo gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lọ ata, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń fún bátìrì níná. Nígbà tó kún, mo gé ewéko kúrò lára ọkọ̀, mo kó irinṣẹ́ mi àti ìbọn mi sínú rẹ̀, a sì gbéra. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àpátágbèmí wà lẹ́yìn, ó ń fi etí júwe ọ̀nà.

Ẹ má bi mí léèrè ibi tí a yà sí àti ibi tí a ti tẹ̀síwájú. Ọ̀nà tí ọdẹ bá gbà, ẹsẹ̀ ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a wọ igbó kan tí àwọn igi rẹ̀ dúdú láti gbòǹgbò dé ewé, bí ẹni pé iná ti jó wọn tán kí wọ́n tó hù. Ibẹ̀ ni iná pupa kékeré tó ní àwòrán bátìrì ti tàn níwájú mi nínú ọkọ̀. A kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ẹ̀ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó dákẹ́.

Iwin kan jókòó sáàárín ọ̀nà. Ikùn rẹ̀ tóbi bí àká ọkà, ó sì mọ́ bíi gíláàsì, gbogbo oríṣiríṣi iná ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀: iná tanná-tanná, iná àtùpà, àti ìdajì mànàmáná kan tó ká jọ bí ejò. Àpátágbèmí gbọ́ bó ti ń mí, ó ní, “Amunámu ni. Òun ló ń mu iná àwọn tó bá gba ibí kọjá.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ojú tó ti rí ẹfọ̀n méje kì í sá fún ikùn kan. Mo ní, “Amunámu, dá iná mi padà.”

Kò dìde. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú. Ó ní, “Ìwọ náà ti dé láti wá fẹ̀sùn kàn mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà níbí, kò sí ọkọ̀ tó kú níbí tí wọn kò ní èmi ni. Má yìnbọn. Dáhùn ọ̀rọ̀ kan fún mi. Obìnrin kan wà tó ń pọnmi sínú ìkòkò láràárọ̀, gbogbo ará ilé sì ń mu nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ìkòkò gbẹ. Wọ́n fọ́ ìkòkò, wọ́n gbé tuntun kalẹ̀. Ó gbẹ. Wọ́n fọ́ ìyẹn náà. Ta ni kí wọ́n lọ bẹ̀ wò?”

Mo ń wá ẹni tí mo máa dá lẹ́bi nínú àwọn ará ilé náà, bóyá ọ̀kan wà tó ń mu jù. Ìyá Abọ́sẹ̀dé yọrí láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó ní, “Obìnrin tó ń pọnmi ni kí wọ́n bẹ̀ wò. Ara rẹ̀ lè má yá.”

Amunámu ní, “Ìyá àgbà ti sọ ọ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́, obìnrin tí kò di sípánà mú rí ló rántí rẹ̀ ṣáájú mi. Bátìrì ni ìkòkò. Ẹ̀rọ kan wà lára ẹ̀ńjìnnì tí àwa rewáyà ń pè ní ọ́tánétọ̀, òun ni obìnrin tó ń pọnmi. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣe iná tuntun, tó ń dà á sínú bátìrì. Bí kò bá pọn ọ́n, bátìrì yóò máa jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi tán. Ìkòkò ni mo ti ń fọ́ láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, mo ti ń pa làpálàpá.

Mo gbé mẹ́tà mi tí a fi ń wọn iná jáde, mo fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì. Fóòtì mọ́kànlá ni agbára iná tó kà. Mo bẹ Amunámu kó bá wa ti ọkọ̀. Ó fi ikùn rẹ̀ tì í, gbogbo iná inú rẹ̀ ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn, ẹ̀ńjìnnì sì dáhùn. Mo tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mẹ́tà kà tó fóòtì mẹ́rìnlá. Mọ́kànlá náà ni mo tún rí, ó sì ń lọ sílẹ̀. Iwin náà kò mu nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni pọn fún un láti mu.

Mo wo bẹ́líìtì, ìyẹn ọ̀já rọ́bà tí ẹ̀ńjìnnì fi ń yí ọ́tánétọ̀. Ó ń dán, ó sì ti dẹ̀. Ní ìgbà tí mo pa ẹ̀ńjìnnì, tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọlé tó ìbú ìka méjì. Mo tú nọ́ọ̀tì tó di ọ́tánétọ̀ mú, mo fi èèkù àdá wọ́ ọ síta títí bẹ́líìtì fi le, mo sì dì í padà. Amunámu tún tì wá. Mẹ́tà gòkè dé mẹ́tàlá. Iná pupa kò kú, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń tòògbé.

Mo bi iwin náà pé kí ni kí n san fún un. Ó ní, “Bí o bá délé, bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́.” Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọkọ̀ yín bá kú, Amunámu kọ́.

A rìn. Iná pupa ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Bí a bá bọ́ sínú kòtò, mẹ́tà á já sí méjìlá. Bí a bá jáde, á gun mẹ́tàlá. Mo mọ̀ pé nǹkan kan nínú ọ́tánétọ̀ náà ń kan, kò sì ń kan. A dé ẹsẹ̀ òkè kan tó pọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn ni mo rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ ló pọ́n. Irun ni. Irun bàbà, tó tín-ín-rín bí òwú, ló wé òkè náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bàbá arúgbó tó ni irun náà sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n níwájú. Gbogbo ara rẹ̀ ń hó bí ilé oyin. Àwọn èékánná rẹ̀ dúdú bí èédú.

Mo pa ẹ̀ńjìnnì, mo tú ọ́tánétọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣe é. Nínú rẹ̀ ni ohun kékeré méjì máa ń wà tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù, wọ́n máa ń fara kan irin tó ń yí, àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kó lè ṣe iná. Tèmi ti jẹ títí wọ́n fi kéré bí ẹ̀wà. Onírun-bàbà na ọwọ́ sí mi. Ó ní, “Èékánná mi méjì tó fún ọ. Ṣùgbọ́n n kì í tà á. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Èékánná kan, ọ̀rọ̀ kan.”

Mo rò pé ìyẹn rọrùn. Mo sọ bí mo ṣe gun ẹ̀yìn ẹfọ̀n kẹrin, tí mo sì fi ọ̀bẹ nìkan pa á. Òṣùwọ̀n kò mì. Onírun-bàbà ní, “Gbogbo ìlú yín ló ti gbọ́ ìyẹn.”

Òótọ́ ni. Mo jókòó. Mo wo ọwọ́ mi tó dúdú fún gíríìsì. Ohùn mi jáde bí ohùn ẹni tó ń ka nọ́ńbà ilé. Mo ní, “Iná pupa yẹn ti ń tàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyàwó mi tó rọbí. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí i. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ní n ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Nígbà tí mo bá ti wọ ọkọ̀, mo máa ń gbé fìlà mi lé e kí n má baà rí i.”

Òṣùwọ̀n lọ sílẹ̀ títí ó fi kanlẹ̀. Onírun-bàbà gé èékánná kan fún mi. Ó ku ọ̀kan. Mo wá inú mi, n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Abọ́sẹ̀dé sọ̀ kalẹ̀, tó fi ọ̀pá rẹ̀ wá títí dé iwájú òṣùwọ̀n. Kò wò mí. Ó ní, “Ìránṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Ọdẹ́tẹ̀dó tó kúrò nílé. Ó ní inú ń run Ìbídùn. Mo ní àkọ́bí ni, àkọ́bí kì í yá. Obìnrin tí mò ń tọ́jú lábà ti bí nígbà náà. Mo lè dìde. Ó rẹ̀ mí. Mo jẹ ẹ̀kọ, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Orí ẹní ni mo wà nígbà tí ọmọkùnrin yìí wọlé tòun ti ẹrẹ̀ ní itan. Bí mo bá dìde nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ni, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kankan kì bá tí wáyé.”

Òṣùwọ̀n kanlẹ̀. Onírun-bàbà gé èkejì.

Ẹ ó máa retí kí n sọ fún yín pé inú bí mi, tàbí pé àánú rẹ̀ ṣe mí. N kò mọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí òrùlé ilé onílé. Mo mú èékánná méjèèjì, mo fi sáńpépà rẹ́ wọn títí wọ́n fi wọ ihò wọn, mo so ọ́tánétọ̀ padà, mo gbé bẹ́líìtì lé e. Onírun-bàbà fi irun rẹ̀ kan orí bátìrì, ọkọ̀ sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Iná pupa kú. Mẹ́tà ka mẹ́rìnlá. Màmá bi mí pé, “Ṣé ó ti dáa?” Mo ní, “Ó ti dáa, mà.” A wọlé, a ti ilẹ̀kùn.

Àpáta Àpátágbèmí ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọsánmà fi ń gba ìdí rẹ̀ kọjá. A wa ọkọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀sán ọ̀hún sì dópin lẹ́yìn wa bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn. Iná iwájú ọkọ̀ mi ni ohun àkọ́kọ́ tó là níbẹ̀. Àwọn ènìyàn funfun jáde, wọ́n fi apá bojú, wọ́n sì ń fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri bóyá ó ní ara. Mo gbé ọkọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé Àpátágbèmí. Lórí ẹní, Mọ́ládùn dùbúlẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ti ojú pa, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kọjá igbe.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ tì í. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, “Má bẹ̀rù, ìyá mi. Iná lásán ni. Jẹ́ kí n rí ọ.”

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó kọ́kọ́ dà bí epo, ó wá dà bí ẹ̀yinná.

“Ọdẹ́tẹ̀dó,” ni Màmá wí láti inú ilé, “mo ti rí apá ọmọ yìí. Má jẹ́ kí iná kú.”

“Ó ń bọ̀, Màmá.”

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi mẹ́tà kan ara ọ́tánétọ̀: mẹ́rìnlá. Mo fi kan orí bátìrì: méjìlá, ó sì ń lọ sílẹ̀. Obìnrin náà ń pọnmi, omi ń dànù lójú ọ̀nà. Mo fọwọ́ tọ wáyà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé wáyà ńlá tó so bátìrì mọ́ irin ẹ̀ńjìnnì. Láìsí ìyẹn, iná kò rí ọ̀nà yí po. Ìpẹtà ti jẹ orí rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bò ó. Mo fi sípánà kan bóòtù tó dè é mọ́ irin láti tú u kí n lè fá a, bóòtù náà sì kán sínú ihò. Kò sí ohun tí mo tún lè fi dì í. Ìmọ́lẹ̀ náà kéré títí ó fi ku bí ojú ológbò.

Mo fi ọ̀bẹ ọdẹ fá irin ẹ̀ńjìnnì títí ó fi dán. Mo fá orí wáyà náà. Mo wá fi ọwọ́ òsì mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, mo sì fi gbogbo ara tì í. Ìmọ́lẹ̀ là padà, funfun, ó kún ilé náà.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Màmá wí. “Mú un dání bẹ́ẹ̀.”

Mo mú un dání. N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Mo gbọ́ tí Ìyá Abọ́sẹ̀dé ń ní kí Mọ́ládùn mí, kó dúró, kó tún mí. Mo gbọ́ tó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú, pé kó gbé apá rẹ̀ sẹ́yìn, pé ọ̀nà ti mọ́. Òórùn kan ń wá sí mi nímú bí ẹran tí wọ́n ń yan. Mo rò pé ẹnì kan nínú ìlú náà ń se oúnjẹ, títí mo fi rántí pé iná kì í jó níbẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi lórí irin gbígbóná náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Kò dùn mí. Mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Ọmọ náà ké.

Kò ké púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún ké. Bó ti ké ìkejì ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, ó gun apá, ó wọ àyà, n kò mọ̀ pé ara ènìyàn kan lè gba ìrora tó bẹ́ẹ̀. N kò fi wáyà sílẹ̀, nítorí Màmá kò tíì ní kí n fi í sílẹ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ó ń jó mi. Màmá, ó ń jó mi.” Omi ń bọ́ lójú mi sórí ẹ̀ńjìnnì, ó ń hó níbẹ̀. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n méje, n kò tijú láti sọ ọ́ fún yín.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé gé ìwọ́, ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin ni. Ó sì jáde wá láìfi ọ̀pá ti ara. Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ mú ọwọ́ mi kúrò lórí irin. Ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń kú lọ. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò fi igi tẹ̀ ẹ́?”

Mo ní, “N kò rántí.”

Àpátágbèmí tọrọ pé kí n pa ẹ̀ńjìnnì, kí ọmọ tuntun náà lè ṣí ojú. Mo pa á. Òkùnkùn padà. Màmá ní kí n jókòó sínú ọkọ̀, ó jókòó tì mí, ó sì ń fi òrí pa ọwọ́ mi díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹnu. N kò rí i, kò rí mi. A gbọ́ tí Mọ́ládùn ń rẹ́rìn-ín nínú ilé bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Màmá tún bu òrí díẹ̀ sí i. Ó ní, “Nígbà tí o fẹ́ jáde lọ pè mí lọ́jọ́ yẹn, kí ni Ìbídùn sọ?”

Láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Ó ní kí n má sáré. Ó ní ọ̀nà kò dáa, ó ní tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí n jẹ́ kí ẹ jẹun kí á tó máa bọ̀, pé ẹ kì í rántí oúnjẹ bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ yín lára.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọwọ́ mi. Mo gbọ́ tó mí sínú, tí kò mí jáde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó mí jáde, ẹkún ni. Èmi náà dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀. A sun ún nínú òkùnkùn ìlú náà, níbi tí kò sí ẹni tó lè fi ojú rí wa, títí ẹnì kan fi wá fọwọ́ wá ojú wa, tó sì gbé omi lé wa lọ́wọ́.

Èyí tí ojú mi rí ni mo sọ yẹn, n kò bu omi là á. Ẹ gbọ̀n ìdí yín, kí ẹ dìde. Ẹni tí wọ́n bá ń dúró dè nílé, kó máa lọ.